Ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún aláǹgbá

Akọ aláǹgbá tó ni ògiri fẹ́ǹsì wa kì í tètè jáde láàárọ̀. Bó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, oòrùn á ti gun orí páànù ilé kejì kó tó yọjú lábẹ́ òrùlé wa, á wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á tẹ́ àyà lé búlọ́ọ̀kù tó ti ń gbóná. Àwọ̀ eérú ló máa ń wà lára rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní abo ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti yá oòrùn tán, orí rẹ̀ á pọ́n, ara rẹ̀ á di àwọ̀ aró, ìrù rẹ̀ á sì yọ àwọ̀ mẹ́ta: ó funfun díẹ̀ nídìí, ó jẹ́ àwọ̀ ọsàn láàárín, ó dúdú lópin. Ìgbà yẹn ló máa ń gun orí òpó géètì, á na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, á gbé orí sókè, á gbé e sílẹ̀, léraléra, títí gbogbo ẹni tó yẹ kó rí i á fi rí i.

Mo ti ń wo ògiri yìí láti ìgbà tí a ti kó wọ ilé wa ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn. Akọ tó wà níbẹ̀ báyìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti lọ, ẹlòmíràn á sì gbà á lọ́wọ́ òun náà. Tíṣà bayọ́lọ́jì ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama, aláǹgbá sì ni ẹranko tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ jù lọ, nítorí kò sí ọmọ tí kò ní í nílé. Ohun tó mú mi kọ̀wé lónìí ni pé gbogbo àdúgbò wa ni wọ́n ń to intalọ́ọ̀kì sí, òkúta sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń bo ilẹ̀ àgbàlá. Láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, wọn ò fi ibi tí èèyàn lè ti ọmọ ìka bọ ilẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tún àgbàlá yín ṣe, pé kí ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọ̀gbẹ́ni ará Sweden kan tó ń jẹ́ Linnaeus ló kọ́kọ́ kọ orúkọ aláǹgbá yìí sínú ìwé àwọn onímọ̀, lọ́dún 1758. Amẹ́ríkà ló kọ síbẹ̀ pé ó ti wá. Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló ti wá, ní Áfíríkà. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ aláǹgbá olórí pupa tó wà ní ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń pè ní Agama agama, àfi láìpẹ́ yìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn sí ìdílé ìdílé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ wá ń pe ti apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní Agama picticauda, orúkọ tí Peters ará Jámánì ti fún un láti ọdún 1877. Fún èmi, aláǹgbá ni. Ní ilé ìyá àgbà mi n'Ísẹ́yìn, aláàmù la máa ń pè é.

Ohun tó máa ń dùn mọ́ mi nínú jù ni pé ìlú wa yìí gan-an ni wọ́n ti jókòó ti aláǹgbá tí wọ́n sì kọ ìgbésí ayé rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni V. A. Harris, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn nígbà náà, tẹ odindi ìwé kan jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1964. Àwọn aláǹgbá orí ògiri n'Ìbàdàn ló wò. Ohun tó kọ nípa wọn ṣì ń ṣẹlẹ̀ lórí fẹ́ǹsì mi láràárọ̀: akọ kan ló máa ń ni àyíká kan, abo mélòó kan á wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ akọ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí àwọ̀ wọn ò ní yọ. Ọ̀dọ́ akọ ò gbọ́dọ̀ kùn orí rẹ̀ ní pupa níbi tí baálé bá wà. Bó bá dán an wò, ìjà ni.

Mo rí ọ̀kan nínú ìjà yẹn lẹ́yìn ọdún Iléyá tó kọjá, nídìí àgbá omi. Àwọn méjèèjì ò dojú kọ ara wọn bí ajá ṣe ń ṣe. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orí ẹnì kìíní sí ìrù ẹnì kejì, wọ́n wú ọ̀fun, wọ́n sì ń yí po, wọ́n wá ń fi ìrù na ara wọn. Ẹ ó gbọ́ ọ bó ṣe ń ró lára búlọ́ọ̀kù. Àwọ̀ aró tó wà lára baálé náà ṣá lójú mi kòrókòró, orí rẹ̀ di pupa tó ti dọ̀tí, pẹ̀lú àbàwọ́n funfun káàkiri ara. Àwọ̀ wọn máa ń ṣá báyìí bí wọ́n bá ń jà, ó sì máa ń ṣá lálẹ́ pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n bá kóra jọ sábẹ́ òrùlé láti sùn. Ìjà náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé omi tí mo gbé kaná. Èyí tó sá lọ ti pàdánù ṣóńṣó ìrù rẹ̀. Ìrù aláǹgbá kì í já wọ́ọ́wọ́ bíi ti ọmọńlé, ṣùgbọ́n bó bá já, á hù díẹ̀, kò sì ní rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: ṣóńṣó rẹ̀ á ki, á dà bíi kùmọ̀. Ẹ wo àwọn tó wà lágbàlá yín dáadáa, ẹ ó rí akọ tó ní irú ìrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti jagun ni.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹni tó bá ń kọjá lọ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò wọ́n lóṣù bíi mélòó kan á dá wọn mọ̀. Abo tó ní àmì àwọ̀ ewé lórí, tí ìhà rẹ̀ ní àmì àwọ̀ ọsàn méjì tó ṣe kedere, ìdí ìgbẹ́pẹ ló máa ń wà. Èyí tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni tirẹ̀, ó sì ti mọ àsìkò tí mo máa ń gbọn tábìlì. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, bí abo bá wú níkùn, ẹ ó rí i bó ṣe ń rìn. Ikùn náà á ga sọ́tùn-ún sósì, kò ní lè sáré gun ògiri bó ṣe máa ń sáré tẹ́lẹ̀.

Oúnjẹ wọn ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni wọ́n wúlò fún. Èèrà ni wọ́n ń jẹ jù. Orí ahọ́n wọn ń lẹ̀, wọ́n kàn máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ èèrà ni, ó ti wọlé. Wọ́n ń jẹ ikán, wọ́n ń jẹ tata, wọ́n ń jẹ kòkòrò tó ń jẹ ewé ẹ̀fọ́. Ní ọjọ́ tí èsúnsún bá jáde lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, gbogbo ògiri á di ọjà. Akọ, abo, ọmọ, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì jà lọ́jọ́ náà. Mo gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo sí ẹ̀bá fẹ́ǹsì, n kì í fi oògùn kankan sí i. N kò sọ pé wọn kì í ba nǹkan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n máa ń já òdòdó jẹ, wọ́n sì máa ń gé orí ata tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Mo ti fara mọ́ ọn.

Ìgbẹ́ wọn ni ọ̀pọ̀ ìyá ilé ń bínú sí. Ó wà lórí ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó wà lórí aṣọ tí a sá. Wọn ò purọ́. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa inú rírun lè wà nínú ìgbẹ́ náà, nítorí náà ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kí ó fi ọṣẹ fọwọ́, kí a sì máa bo omi àti oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kò sí oró lẹ́nu aláǹgbá, kò sí lẹ́nu ọmọńlé pẹ̀lú, láìka ohun tí wọ́n sọ fún wa ní kékeré sí. Oògùn apakòkòrò tí à ń fọ́n káàkiri ni ó ní oró. Aláǹgbá tó bá jẹ èèrà tí oògùn ti pa, oògùn náà ló jẹ. Mo ti rí èyí tó ń gbọ̀n lórí sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn tí wọ́n fọ́n oògùn sí ilé tó kángun sí tiwa, tí kò lè gbé orí mọ́. N kò fẹ́ tún rí i.

Ní báyìí, ẹyin. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí.

Abo aláǹgbá kì í yé ẹyin sínú ihò ògiri, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Òótọ́ ni pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, ihò ògiri sì ni wọ́n ń sá sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń yé e sí. Á wá ilẹ̀ tó rọ̀, tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, tí oòrùn ń rí, tí koríko díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Mo ti wò wọ́n nídìí kókò mi. Abo náà á fi ẹsẹ̀ iwájú gbẹ́ ilẹ̀, á ti iyẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn, á dúró, á wo ọ̀run bóyá àṣá wà níbẹ̀, á tún gbẹ́. Ó lè gbẹ́ síhìn-ín kó fi í sílẹ̀, kó lọ gbẹ́ sọ́hùn-ún. Bí ibìkan bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á yí ẹ̀yìn padà, á yé ẹyin bíi márùn-ún sí méje sínú ihò tí kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ, á wá da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, á fi imú tẹ̀ ẹ́, á sì lọ. Kò ní padà wá. Ilẹ̀ ló kù tó máa tọ́jú wọn. Èèpo ẹyin náà rọ̀, kò le bíi ti adìẹ. Ó máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, ẹyin á sì máa tóbi sí i lábẹ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ọmọ á hú ilẹ̀ jáde, á sì máa wá oúnjẹ ara rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó máa ń mú kí àwọn ọmọ SS2 mi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lọ́dún 1966, obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Madeline Charnier, tó ń ṣiṣẹ́ ní Dakar lórílẹ̀-èdè Senegal, kó ẹyin aláǹgbá yìí, ó pín wọn, ó fi wọ́n sí ibi tí ooru wọn yàtọ̀ síra. Àwọn tó wà níbi tí ooru jẹ́ 26 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, abo ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán. Àwọn tó wà ní 29, akọ ni gbogbo wọn. Ìwọ̀n ooru méjì sí mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Ohun tí a máa ń sọ nípa ọmọ ènìyàn ni pé ọjọ́ tí inú bá ti dúró ni a ti mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, bẹ́ẹ̀ náà ni fún màlúù, bẹ́ẹ̀ náà ni fún adìẹ. Kí Charnier tó kọ èyí, kò sẹ́ni tó ti fi hàn pé ooru ilẹ̀ lè pinnu rẹ̀ fún ẹranko afàyàfà kankan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n rí i lára ìjàpá, lára ọ̀nì, lára àwọn mìíràn. Ara aláǹgbá wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ní etí òkun Áfíríkà, ọwọ́ obìnrin ló sì ti wá. Nígbà tí èmi wà nílé ìwé, kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Mo ń sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì mi ní báyìí, ní ọdọọdún, mo sì máa ń kọ orúkọ obìnrin náà gbàgàdà sórí pátákó.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àgbàlá wa pẹ̀lú ojú yẹn. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Akóbọ̀, ilẹ̀ oríṣiríṣi ló wà láàárín fẹ́ǹsì kan ṣoṣo: ibi tí ìbòòji ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò tí ó tutù, ibi tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ibi tí omi ẹ̀rọ ń ṣàn sí. Abo aláǹgbá lè yàn. Èyí tó yé sí ìbòòji, èyí tó yé sí oòrùn, àpapọ̀ wọn ni akọ àti abo tí à ń rí lórí ògiri. Bí a bá to intalọ́ọ̀kì sí gbogbo rẹ̀, tí a wá fi ìkòkò òdòdó mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ nìkan ni gbogbo wọn máa dù. Èrò tèmi ni pé ìgbà náà, òkúta tó gbóná tó yí ilẹ̀ kékeré yẹn ká, tàbí ògiri kan tó ṣíji bò ó, ló máa pinnu irú ọmọ tí gbogbo àdúgbò á ní lọ́dún náà. Èyí tó sì burú jù ni pé ní ilé púpọ̀, kò sí ilẹ̀ rárá. Aláǹgbá ńlá ṣì wà níbẹ̀, ó ń mi orí, à ń rí i, a rò pé kò sóhun tó ṣe é. Ọmọ ni kò sí. Ní ilé kan tí mo máa ń lọ ní òpópónà kejì, wọ́n ti bo àgbàlá wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn àgbàlagbà aláǹgbá nìkan ni mo ń rí níbẹ̀, n kì í rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ń sáré lẹ́sẹ̀ ògiri lẹ́yìn òjò.

Ìyá àgbà mi máa ń pa àlọ́ kan fún wa nípa ìdí tí aláǹgbá fi ya odi. Aláǹgbá ló mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún àpáta kí ó tó lanu, kí wọ́n wọ inú rẹ̀ lọ kó iṣu olóko. Ìjàpá bẹ̀ ẹ́ títí ó fi mú un dání. Ìjàpá kó ju ohun tó lè gbé lọ, olóko mú un, ó ní aláǹgbá ló mú òun wá. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe aláǹgbá, ó la ẹnu, ó pa á dé, kò fọhùn, ó kàn ń mi orí. Olóko ní ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ báwo ló ṣe lè júwe ọ̀nà fún ẹlòmíràn? Láti ìgbà náà ni kò ti fọhùn mọ́. Lójú àwa ọmọ nígbà náà, ọgbọ́n ló fi yọ ara rẹ̀. Bí mo bá rántí àlọ́ yẹn báyìí, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹni tí kò lè fọhùn kò lè bẹ̀bẹ̀ pé kí a má bo ilẹ̀ òun. Ẹlòmíràn ló ní láti bá a sọ ọ́.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé aláǹgbá ò lè parun láé, pé ó ti pọ̀ jù. Ó le lóòótọ́. Lọ́dún 1976 ni wọ́n ti ń rí i ní Miami, ní Florida, níbi tí àwọn tó ń ta ẹran ọ̀sìn gbé e dé tó sì bọ́ sígboro. Nígbà tí wọ́n yẹ àbùdá wọn wò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni. Ó ti dé erékùṣù Réunion pẹ̀lú. Àjèjì ló jẹ́ níbẹ̀, àwọn onílé sì ń wò ó pẹ̀lú ìfura, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Níhìn-ín, onílé ni. Mo fẹ́ kí ìyàtọ̀ náà hàn nínú ọwọ́ tí a fi ń mú un.

Kì í sì í ṣe ẹranko lásán. Ògiri wa lápá ọ̀nà, táìsì ló wà lára rẹ̀ láti ìdajì lọ sílẹ̀, búlọ́ọ̀kù gbẹrẹfu ló wà lókè. Mo máa ń rí i tí aláǹgbá bá fò láti orí àgbá omi sí ara táìsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ̀, ìrù rẹ̀ á fò sókè fìà, ara rẹ̀ á sì tọ́ padà kó tó kan ògiri. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California, ní Berkeley, ya fídíò irú aláǹgbá yìí gan-an níbi tó ti ń fò láti orí nǹkan tó ń yọ̀, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2012. Wọ́n rí i pé bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ tí orí fẹ́ dojú kọlẹ̀, ìrù tó gbé sókè ló ń dá orí padà. Wọ́n ṣe rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan bí ọkọ̀, tó ní ìrù, láti fi dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ń sọ ní òkúta.

Lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn, mo pè wọ́n sínú ọgbà nígbà ìsinmi. Wọ́n kó róbà ìtafà wọn dání. Mo ní kí wọ́n jókòó sí ẹ̀bá àgbá omi, kí wọ́n sọ fún mi ewo ni baálé, ewo ni abo, ewo ni ọ̀dọ́ akọ tó ń fi ara pamọ́. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ló kọ́kọ́ rí ọ̀dọ́ akọ náà, tí orí rẹ̀ ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn òpó níbi tí baálé ò ti lè rí i. Ariwo tó pa! Wọ́n ṣì máa ń wá bi mí léèrè nípa rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Lékeléke, àṣá àti ológbò ti tó aláǹgbá í bá jà. Kò nílò ọmọ ènìyàn kún un.

Àwa náà to intalọ́ọ̀kì. Bàbá àwọn ọmọ mi ló fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mọ́gbọ́n dání: ẹrẹ̀ ń bá mọ́tò wọlé, ẹsẹ̀ àwọn àlejò ń yọ̀, ẹ̀rù ejò sì ń ba ìyá rẹ̀. A jọ sọ ọ́ títí. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n to ibi tí mọ́tò ń gbà àti ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n fi gbogbo ẹ̀bá fẹ́ǹsì tó kọjú sí ìlà-oòrùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, àti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìdí ìgbẹ́pẹ. Ọmọkùnrin tó wá tò ó wo ibẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín parí ẹ̀, òkúta ṣì kù nílẹ̀, n ò ní gbowó lé e." Mo ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Aláǹgbá ló ni ibẹ̀." Ó kọ́kọ́ wò mí. Lẹ́yìn náà ló ní ní abúlé àwọn, àwọn àgbà kì í jẹ́ kí wọ́n pa aláàmù nínú agboolé. Ó gbọ́n iyẹ̀pẹ̀ tó ti dà sórí ibẹ̀ kúrò, ó fi okùn wọ̀n ọ́n dáadáa kí òkúta má bàa wọ̀ ọ́.

Ilẹ̀ yẹn tún ń mu omi. Ará Ìbàdàn ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré. Àwọn tó ti dàgbà rántí ọdún 1980 tí odò Ògùnpa kún. Àwa yòókù ò gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 tí omi tún ya wọ ìlú. Gbogbo àgbàlá tí a bá fi òkúta bò pátá, omi rẹ̀ ń lọ sílé ẹlòmíràn ni. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi ilé wa máa ń wọ́ lọ sí ẹ̀bá fẹ́ǹsì yẹn, ilẹ̀ á gbé e mì, ewédú mi á sì dúpẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ kó tó da yanrìn, torí bó bá ti da yanrìn tó sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ náà á ti le. Ẹ yan ibi tí oòrùn ń rí fún ìdajì ọjọ́. Ẹ fi ibi kan sílẹ̀ ní ìbòòji pẹ̀lú, kódà bó ṣe ìdí igi kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe ro ó lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi máa fa koríko ibẹ̀, ẹ má fi ọkọ́ kàn án, ẹyin lè wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì hú ẹyin jáde láìmọ̀, ẹ má ṣe yí i po. Bó ṣe dùbúlẹ̀ ni kí ẹ dá a padà, kí ẹ da iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ìyá ìbejì tó wà lójúlé kejì ti rà òkúta tirẹ̀, wọ́n ti kó o jọ sẹ́nu géètì wọn. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, mo mú un wá wo ẹ̀bá fẹ́ǹsì wa, ó sì ní òun á fi ẹ̀yìn ilé ìdáná sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni kò tíì gbà. Ó ní ilẹ̀ tí wọn ò bò máa ń mú ẹ̀fọn wá. Mo ti ṣàlàyé fún un pé omi tó dúró ni ẹ̀fọn ń yé sí, pé ilẹ̀ tó ń mu omi kì í jẹ́ kó dúró. Ó ní òun á rò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì ti sọ fún un pé màá yà lọ kí i lọ́jọ́ Sátidé.